Egbò Tí Kò Dùn Mí Ló Fẹ́ Gba Ẹsẹ̀ Mi

Bí kókó kan bá wà lára ẹni tó ń ka ohun tí mo kọ yìí, tí kò dùn ún, tí kò sì yún un, tó kàn jókòó síbẹ̀ bí àlejò tí kò tíì sọ ohun tó bá wá, mo bẹ ẹni náà kó má dúró dìgbà tí yóò dùn ún kó tó lọ fi hàn ní ọsibítù. Èmi dúró. Díẹ̀ ló kù kí n fi ẹsẹ̀ òsì mi kọ́gbọ́n.

Orúkọ mi ni Bọ́sẹ̀dé, ṣùgbọ́n Ìyá Tìmí ni gbogbo ènìyàn ń pè mí ní Òde Mahin. Apẹja ni ọkọ mi. Èmi, ẹní ni mo ń hun. Koríko tí a fi ń hun ẹní kì í hù lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Inú àbàtà ló ń gbé, níbi tí omi ti ń mu èèyàn dé orúnkún, tí ẹrẹ̀ sì ń gbé ẹsẹ̀ mì. Láti kékeré ni mo ti ń wọ̀ ọ́. Ìyá mi náà wọ̀ ọ́ títí agbára rẹ̀ fi dínkù. Eṣúṣú nìkan la máa ń bẹ̀rù níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa pé ohun mìíràn wà tó yẹ ká máa ṣọ́ra fún.

Ní ìgbà òjò kan, mo ń wẹ̀, ọwọ́ mi kan kókó kékeré kan lókè ọrùn ẹsẹ̀ òsì. Kò ju kóró àgbálùmọ̀ lọ. Mo tẹ̀ ẹ́, kò dùn mí. Mo pe Bàbá Tìmí kó wá wò ó.

"Kòkòrò ló jẹ ọ́," ló wí. "Fi àdí pa á."

Mo fi àdí pa á, mo sì gbé ọkàn kúrò níbẹ̀. Nígbà tí mo tún wò ó dáadáa, ó ti tẹ́ pẹrẹsẹ, awọ orí rẹ̀ le, ó ń dán. Síbẹ̀ kò dùn mí. Mò ń lọ gé koríko, mò ń sá a, mò ń hun ún, mò ń gbé ẹní lọ sọ́jà Ìgbòkọ̀dá. Ta ló máa ń lọ sí ọsibítù nítorí ohun tí kò dùn ún? Àwa tí à ń gbé lórí omi, kí a tó dé ọ̀dọ̀ dókítà, ọ̀rọ̀ odidi ọjọ́ kan ni.

Ọjọ́ kan ni awọ náà là. Ojú egbò náà kéré, ṣùgbọ́n abẹ́ rẹ̀ fẹ̀. Bí mo bá ń fi òwú nù ún, òwú náà a máa wọlé sábẹ́ awọ yíká, bí ìgbà tí èèyàn bá ti ọwọ́ bọ abẹ́ ẹní. Nígbà náà ni ẹ̀rù kọ́kọ́ bà mí. Bí ẹ̀gún bá gún ẹlòmíràn, ariwo ni yóò pa. Ihò wà lẹ́sẹ̀ tèmi, mo sì ń fi ẹsẹ̀ náà rìn lọ rìn bọ̀. Òórùn bẹ̀rẹ̀ sí í jáde níbẹ̀. Mo rí i pé àwọn obìnrin tí a jọ ń hun ẹní ti ń sún ìjókòó wọn kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, Bàbá Dúpẹ́, ló kọ́kọ́ sọ ohun tí gbogbo wọn ń rò lọ́kàn. Èèyàn dáadáa ni ọkùnrin yìí. Òun ló ra ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ àkọ́kọ́ fún Bàbá Tìmí, òun ló dúró bíi bàbá nígbà tí wọ́n wá tọrọ mi. Tó bá sọ̀rọ̀ nínú ẹbí, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo egbò náà títí, ó ní, "Egbò tí kò bá dun ni kì í ṣe egbò lásán. Bọ́sẹ̀dé ti tẹ nǹkan."

Bí wọ́n ṣe mú mi lọ sọ́dọ̀ bàbá àgbàlagbà kan nìyẹn, ẹni tí wọ́n ní ó máa ń wo irú rẹ̀. Ó gbóná ewé, ó dì í mọ́ ẹsẹ̀ mi bó ṣe ń yọ èéfín. Ó lọ ataare mọ́ gbòǹgbò igi kan, ó fi lẹ egbò náà lójú. Bí wọ́n bá tú ewé náà, ẹran ara mi a bá a jáde. Mi ò ní purọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni, ìfẹ́ ni wọ́n fi ṣe gbogbo rẹ̀. Bàbá Dúpẹ́ fúnra rẹ̀ ló máa ń wa ọkọ̀ gbé mi lọ, á jókòó tì mí títí wọ́n á fi parí. Ṣùgbọ́n egbò náà ń fẹ̀ sí i.

Ìyá mi, Ìyé la máa ń pè é, bí àwa Ìlàjẹ ti ń pe ìyá, gbọ́ ní Zion Pepe níbi tó ń gbé, ó wá mú mi lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. A lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Àwọn èèyàn ibẹ̀ tọ́jú mi. Wọ́n pọn omi fún mi, wọ́n se ẹja tútù fún mi, wọ́n gbààwẹ̀ pẹ̀lú mi. Ìyá àgbà kan nínú ìjọ náà ló wá fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lẹ́yìn ìsìn. Ó ní, "Ọmọ mi, à ń gbàdúrà, a ò sì ní dákẹ́. Ṣùgbọ́n egbò yìí ń rùn. Lọ sí ọsibítù. Àdúrà á bá ọ wọkọ̀ lọ."

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni mo gbé lọ́wọ́ nígbà tí mo padà délé. Bàbá Tìmí kò jiyàn. Ó ta àwọ̀n rẹ̀ kan, a sì kọrí sí ọsibítù tó wà ní òkè.

Ẹni tó bá ń ti omi wá kì í tètè dé ọsibítù. Ọkọ̀ kì í gbéra àfi tó bá kún. Bí a bá sì dé èbúté, a óò tún wá ọ̀kadà tàbí mọ́tò. Kí n tó dé, àga gígùn iwájú yàrá dókítà á ti kún fọ́fọ́. Àwọn tó sùn mọ́jú níbẹ̀ ló máa ń wà níwájú. Mo máa ń di kàfúrà mọ́ etí ìró mi nítorí òórùn ẹsẹ̀, síbẹ̀, ẹni tó bá jókòó tì mí a máa dìde wọ́ọ́rọ́wọ́, á ní òun fẹ́ na ẹsẹ̀. Mo gba káàdì, mo ra báńdéèjì, mo ra oògùn, mo gba abẹ́rẹ́. Wọ́n ń wẹ egbò náà, wọ́n ń dì í. Mo ń lọ, mo ń bọ̀. Ẹní tí mo ti hun sílẹ̀ tán lọ́wọ́ mi.

Dókítà tó ń tọ́jú mi kì í ṣe oníwàǹwara. Nígbà tó di ọjọ́ tó fẹ́ sọ òótọ́ fún mi, ó gbé àga rẹ̀ wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ó wo ojú mi. "Mádàámù, mo ti lo gbogbo oògùn tó wà níkàáwọ́ mi. Egbò yìí ti ń sún mọ́ egungun. Tí kò bá dúró, a ó ní láti gé ẹsẹ̀ náà nísàlẹ̀ orúnkún, kó má bàa gba ẹ̀mí yín."

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ni orúkọ àìsàn náà?"

Ó ní, "Ohun tó ń dà mí láàmú nìyẹn. Mi ò lè fi gbogbo ẹnu sọ ọ́."

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí gígé ẹsẹ̀ túmọ̀ sí fún ẹni bíi tèmi. Ní ìlú tó ní títì, ẹlẹ́sẹ̀ kan lè fi ọ̀pá rìn. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, pákó tẹ́ẹ́rẹ́ la fi ń ti ilé kan dé òmíràn, omi ló wà lábẹ́ rẹ̀. Ọkọ̀ ni mọ́tò wa, ọkọ̀ ni ọjà wa, ọkọ̀ la fi ń lọ ìsìnkú àti ìgbéyàwó. Mo jókòó, mò ń rò ó: báwo ni mo ṣe máa wọ ọkọ̀? Ta ló máa gbé mi sọ̀ kalẹ̀? Báwo ni mo ṣe máa wọ àbàtà? Mo ń wo Bàbá Tìmí, ó ń wo ilẹ̀.

Nọ́ọ̀sì tó ń wẹ egbò mi, Nọ́ọ̀sì Fúnkẹ́, ni Ọlọ́run lò. Ó máa ń bá mi ṣeré, ó ní mo ní sùúrù ju gbogbo àwọn tó kù lọ. Lọ́jọ́ yẹn, ó ń fi irin fa ẹran òkú kúrò létí egbò náà, ó wá dáwọ́ dúró lójijì.

"Ìyá Tìmí, ohun tí mò ń ṣe yìí kò dùn yín?"

"Kò dùn mí."

"Kò dùn yín rárá?"

"Nọ́ọ̀sì, láti ìbẹ̀rẹ̀ ni kò ti dùn mí. Mo rò pé ẹ mọ̀."

Ó fi irin sílẹ̀. Ó rọra ti òwú wọ abẹ́ awọ náà, ó wò ó bó ṣe ń wọlé lọ. Lẹ́yìn náà ló dìde lọ bá dókítà. Mo ń gbọ́ ohùn wọn láti ẹnu ọ̀nà. Ó ń sọ pé àwọn kan láti yunifásítì ìjọba ti wá kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì lẹ́kọ̀ọ́ nígbà kan, pé wọ́n ní bí nọ́ọ̀sì kan bá rí egbò tí kò dun ni, tí abẹ́ rẹ̀ fẹ̀ ju ojú rẹ̀ lọ, lára ẹni tó ń wọ omi àbàtà, kó pe àwọn ará yunifásítì náà kí ẹnikẹ́ni tó gé nǹkan kan. Dókítà náà gbọ́ ọ parí. Ó ní, "Pè wọ́n. A lè dúró gbọ́ tiwọn."

Obìnrin kúkúrú kan ló wá, ó gé irun rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wọ bàtà rọ́bà bí ẹni tó ń lọ oko. Dókítà Bísí lorúkọ rẹ̀, ó ń kọ́ni ní yunifásítì, ó sì ń ṣe ìwádìí lórí irú egbò yìí. Ó kí mi, ó kí Ìyé tó bá mi wá, kò fi ọwọ́ bo imú. Ó fi igi òwú gba omi inú egbò náà sínú ìgò kékeré, ó ní yunifásítì lòun máa gbé e lọ, ẹ̀rọ kan wà níbẹ̀ tó lè sọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ó ní, "Ìyá Tìmí, mi ò fẹ́ sọ ohun tí ẹ̀rọ kò tíì sọ. Ṣùgbọ́n ohun tí mò ń fura sí ni èyí tí wọ́n ń pè ní Búrúlì. Agbègbè kan ní ilẹ̀ Ùgáńdà ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti rí i lára ọ̀pọ̀ èèyàn nígbà kan. Kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí ló ń fà á, ìbátan èyí tó ń fa ikọ́ ife àti ẹ̀tẹ̀ ni. Oró tó ń tú síni lára ló ń pa ẹran ara. Oró yẹn kan náà ló ń kun ara lóorun, ìdí nìyẹn tí kò fi dùn yín."

Ìyé ní, "Kì í wá ṣe pé ó tẹ nǹkan?"

Dókítà Bísí kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìyá, kò sẹ́ni tó ṣe é ní nǹkan."

Mo rí bí èjìká ìyá mi ṣe sọ̀ kalẹ̀. Mi ò mọ̀ títí di ọjọ́ yẹn pé gbogbo ìgbà náà ló ti ń bẹ̀rù àwọn aládùúgbò mi nítorí mi.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò tán síbẹ̀. Bàbá Dúpẹ́ gbọ́ pé àwọn yunifásítì ti gba omi ara mi lọ, ó wọ ọkọ̀, ó bá wa ní ọsibítù lọ́jọ́ tí Dókítà Bísí padà wá. Ó jókòó sórí àga gígùn, ó fi fìlà lé itan.

"Ẹ má bínú o, Dókítà," ó ní. "Àwọn ará yunifásítì, ìwé ni wọ́n máa ń wá, kì í ṣe ìwòsàn. Mi ò fẹ́ kí wọ́n fi ìyàwó àbúrò mi dán nǹkan wò."

Dókítà Bísí fa àga, ó jókòó sí iwájú rẹ̀. "Bàbá, ọ̀rọ̀ gidi lẹ sọ. Ẹ bi mí ní ohunkóhun."

"Ta ló ń sanwó fún yín?"

"Ìjọba. Wọ́n ya owó kan sọ́tọ̀ fún ìwádìí ní yunifásítì. Owó ìlú ni. Tiyín náà wà nínú rẹ̀."

"Tèmi? Èmi tí mi ò fẹsẹ̀ tẹ yunifásítì rí?"

"Tí ẹ bá ra káàdì sórí fóònù yín, ìjọba ń yọ tirẹ̀ nínú rẹ̀. Tí ẹ bá ra nǹkan lọ́jà, bẹ́ẹ̀ náà ni. Inú irú owó bẹ́ẹ̀ la ti ra ẹ̀rọ tó yẹ egbò yìí wò."

Bàbá Dúpẹ́ ní, "Oògùn tí ẹ fẹ́ fún un ńkọ́? Ṣé ẹ ti fún ẹnì kan rí?"

Dókítà Bísí ṣàlàyé fún un. Ó ní nígbà kan, gígé nìkan ni wọ́n mọ̀ fún àìsàn yìí. Wọn á gé ẹran ara kúrò, tàbí kí wọ́n gé odidi ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà ni àwọn onímọ̀ rí i pé abẹ́rẹ́ kan pẹ̀lú oògùn oníhóró lè pa kòkòrò náà. Abẹ́rẹ́ náà ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ó ń di etí àwọn ẹlòmíràn. Wọn kò sinmi. Àwọn yunifásítì àti ọsibítù ní àwọn orílẹ̀-èdè aláwọ̀ dúdú ń bá a lọ, títí wọ́n fi mọ̀ dájú pé oògùn oníhóró nìkan tó. "Àwọn kan ti gbà kí a tọ́jú wọn, kí a sì máa wo bí ara wọn ṣe ń ṣe, kí oògùn yìí tó dé ọ̀dọ̀ ìyàwó yín," ó wí. "Àwọn yẹn ti bá ìyàwó yín ṣe ìdánwò náà. Ìwòsàn ló kù."

Ọkùnrin àgbàlagbà kan wà ní ìpẹ̀kun àga náà tó ń gbọ́ wa. Ọ̀kan nínú ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ wà ní kíká, wọ́n fi pínnì mú un. Bàbá Kọ́lá lorúkọ rẹ̀, ọkọ̀ ló máa ń gbẹ́ tẹ́lẹ̀ létí omi ní ìhà ibòmíràn. Ó sọ pé kí a má bínú, òun fẹ́ dá sí i.

Ó ní, "Irú tirẹ̀ náà ló ṣe mí. Nígbà tèmi, kò sí ẹ̀rọ kankan nítòsí tó lè yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n ní ìlú òyìnbó ni wọ́n máa fi ránṣẹ́ sí. A dúró títí. Ibà ti ń gbé mi lulẹ̀, ẹsẹ̀ ti dúdú, wọ́n gé e kí n má bàa kú. Lẹ́yìn tí mo ti padà sílé ni èsì dé. Ó ní Búrúlì ni, pé oògùn wà."

Ó fọwọ́ kan ẹsẹ̀ ṣòkòtò tí wọ́n ká náà, ó ní, "Èsì náà kò burú. Ẹsẹ̀ tí mo fẹ́ fi oògùn náà wò ni kò sí mọ́."

Dókítà Bísí sọ jẹ́jẹ́ pé ọ̀rọ̀ Bàbá Kọ́lá ni àwọn kọ sínú ìwé tí àwọn fi béèrè owó ẹ̀rọ náà lọ́wọ́ ìjọba, pé nígbà tí àwọn kọ́kọ́ béèrè, àwọn kò rí i gbà, àwọn tún béèrè.

Bàbá Kọ́lá kọjú sí Bàbá Dúpẹ́. "Àbúrò mi, mi ò mọ̀ yín rí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tọ́jú obìnrin yìí."

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi mú fìlà rẹ̀, ó yí i lọ́wọ́ títí. Lẹ́yìn náà ló wò mí. "Bọ́sẹ̀dé, kí ni ìwọ fẹ́?"

Láti ìgbà tí àìsàn yìí ti dé, òun lẹni àkọ́kọ́ tó bi mí ní ìbéèrè yẹn.

"Ẹsẹ̀ mi ni mo fẹ́, Ẹ̀gbọ́n."

"Ó dáa," ló wí. "Kí wọ́n fún ọ lóògùn."

Èsì ti wà lọ́wọ́ Dókítà Bísí ní gbogbo ìgbà tó fi ń dá Bàbá Dúpẹ́ lóhùn, ó ti mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó fẹ́ kí a gbọ́ ara wa ná. Búrúlì ni. Wọ́n fún mi ní oògùn oríṣi méjì, tí mo ní láti máa lò lójoojúmọ́ fún nǹkan bí oṣù méjì. A kò sanwó rẹ̀. Nọ́ọ̀sì Fúnkẹ́ kìlọ̀ fún mi pé ìtọ̀ mi máa pọ́n. Mo gbàgbé láti sọ fún Ìyé. Nígbà tó rí i, ó fọwọ́ lérí, ó ní ẹ̀jẹ̀ ni mò ń tọ̀, ó fẹ́ da oògùn náà sómi. Bàbá Tìmí ló gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó pe nọ́ọ̀sì lórí fóònù kó bá a sọ̀rọ̀. Láti ọjọ́ náà ni Ìyé ti di olùṣọ́ oògùn mi. Kì í jẹun àárọ̀ títí yóò fi rí i pé mo gbé e mì.

Apá tó le jù nínú ìrìn àjò yìí ni mo fẹ́ sọ báyìí, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti lè padà sẹ́yìn. Nígbà tí mo ti lo oògùn náà díẹ̀, dípò kí egbò náà kéré, ó fẹ̀ sí i. Kókó mìíràn tún yọ nítòsí orúnkún. Ẹsẹ̀ tí kò dùn mí láti ọjọ́ yìí wá bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí, ó ń ta mí, ó ń jó mi bí iná. Àwọn aládùúgbò ní, "Ṣé ẹ rí i?" Bàbá Dúpẹ́ wo ẹsẹ̀ náà, mo sì mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé bóyá òun ló tọ̀nà. Mo gbé sáṣẹ́ẹ̀tì oògùn sórí ẹní, mo ń wò ó. Mo sọ fún Bàbá Tìmí pé ó ti sú mi.

Ó ní, "Pe obìnrin yẹn ná."

Mo pè é. Mo ro gbogbo rẹ̀. Ó gbọ́ mi parí, ó ní, "Ẹ tún èyí tó kẹ́yìn sọ. Ó ń dùn yín?"

"Ó ń dùn mí gan-an, Dókítà. Mi ò lè sùn."

Ó mí kanlẹ̀. "Ìyá Tìmí, ara yín ló ń jí. Kòkòrò náà ti ń kú, oró rẹ̀ ti ń tán, ara yín ti wá ń bá ìyókù jà. Kókó tuntun náà, inú ìjà yẹn ló ti yọ. A ti rí i lára àwọn tó ṣáájú yín, a sì ti mọ̀ ọ́n. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dá oògùn dúró. Màá wá wò yín."

Ó wá lóòótọ́, pẹ̀lú ọkọ̀, nínú òjò. Ó wò mí, ó fún mi ní oògùn ìrora. Mo máa ń ronú nípa ọ̀rọ̀ tó sọ lórí fóònù yẹn, pé wọ́n ti rí i lára àwọn tó ṣáájú mi. Mi ò mọ orúkọ wọn. Wọn ò mọ̀ mí. Ṣùgbọ́n ká ní kò sẹ́ni tó kọ ìrora tiwọn sílẹ̀, tèmi ì bá dà bí ẹ̀rí pé oògùn náà kò ṣiṣẹ́, ǹ bá ti jù ú nù, ẹsẹ̀ mi ì bá sì ti lọ.

Oògùn náà parí. Egbò náà mọ́, ó pọ́n bí ẹran tútù, ṣùgbọ́n ó fẹ̀ ju ohun tó lè fúnra rẹ̀ dí lọ. Wọ́n dá mi dúró ní ọsibítù. Dókítà tó ti fẹ́ gé ẹsẹ̀ mi, òun náà ló gé awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lára itan mi, tó fi bo egbò náà. Nígbà tí mo lajú, ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe ni pé mo nawọ́ sísàlẹ̀. Báńdéèjì tóbi lórí rẹ̀, ẹsẹ̀ mi sì wà nínú rẹ̀. Dókítà náà dúró lẹ́sẹ̀ ibùsùn, ó ní, "Ó wà níbẹ̀, Mádàámù. Mo kà á." Òun àti èmi jọ rẹ́rìn-ín.

Ọrùn ẹsẹ̀ mi ti le. Bàbá Tìmí kọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́, ó ń tẹ̀ ẹ́ fún mi ní àràárọ̀ kó tó lọ sójú omi. Bó bá ti ń tẹ̀ ẹ́, màá máa bú u, yóò máa tẹ̀ ẹ́ lọ.

Lónìí, mò ń rìn. Ọrùn ẹsẹ̀ náà kò tẹ̀ tán, mo máa ń tiro díẹ̀ tó bá rẹ̀ mí. Mi ò lè kúnlẹ̀ hun ẹní pẹ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, orí àpótí ni mò ń jókòó sí. Àpá náà fẹ̀, kò rẹwà, ọmọ mi Tìmílẹ́yìn ní ó dà bí àwòrán ilẹ̀ tí wọ́n yà sára ògiri iléèwé. Mo ti padà sínú àbàtà, pẹ̀lú bàtà rọ́bà gígùn. Tí mo bá jáde, mo máa ń fi omi mímọ́ àti ọṣẹ fọ ẹsẹ̀, mo sì máa ń bo ibi tó bá ha mí lára kí n tó wọlé.

Àwọn Dókítà Bísí ṣì ń wá. Wọ́n ń bu omi, wọ́n ń bu ẹrẹ̀, wọ́n ń wo ara àwọn ọmọdé. Mo bi í pé báwo gan-an ni kòkòrò náà ṣe ń wọ ara èèyàn. Ó ní àwọn kò tíì mọ̀ dájú. Ó wù mí pé kò purọ́ fún mi. Èmi ni mo máa ń bá wọn sọ̀rọ̀ fún àwọn obìnrin wa ní èdè Ìlàjẹ, mo máa ń ká ìró mi sókè, mo máa ń ní kí wọ́n wò ó kí wọ́n sì fọwọ́ kàn án. Tẹ́lẹ̀ rí, bí wọ́n bá sọ lórí rédíò pé owó tí wọ́n ń fún àwọn yunifásítì kò tó wọn ṣe ìwádìí, n kì í tẹ́tí sí i. Ní báyìí, mo máa ń yí ohùn rédíò náà sókè.

Ìwọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé Búrúlì ni, má sá pamọ́. Kò sẹ́ni tó ṣe ọ́ ní nǹkan. Jẹ́ kí àwọn tó fẹ́ràn rẹ gbàdúrà, jẹ́ kí wọ́n bá ọ wọkọ̀. Lo oògùn náà tán. Bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ọ́, pè wọ́n, má jù ú nù.

Láìpẹ́ yìí, a lọ sí Ugbonla. Obìnrin kan wà níbẹ̀ tó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ mi létí omi nígbà kan, tó fọwọ́ pa ara ọmọ rẹ̀ obìnrin lálẹ́ ọjọ́ náà, tó sì rí kókó kékeré kan lẹ́sẹ̀ rẹ̀ tí kò dun ọmọ náà. Kò dúró. Ó gbé e lọ, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, oògùn náà nìkan ni ọmọ náà lò. Wọn kò gé e, wọn kò lẹ awọ kankan mọ́ ọn. Ìyá rẹ̀ pè é jáde kó wá kí mi.

"Fi ẹsẹ̀ rẹ han Ìyá Tìmí," ó ní. "Èyí tí wọ́n tọ́jú."

Ọmọ náà dúró lórí pákó níwájú mi. Ó wo ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó wo ti òsì, ó tún wo ti ọ̀tún. Ó gbójú sókè wo ìyá rẹ̀.

"Màámi," ó ní, "èwo ni?"